Eré orí ìtàgé àtayébáyé fún àwọn ọmọ tí à ń kọ́ nílé: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáAkẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ méjì lọ̀rọ̀ yìí dá lé, ọ̀kan ọdún 5, èkejì ọdún 8. Ilé ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fẹ́ràn àlọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tíì rí eré orí ìtàgé rí. Ìwé Shakespeare odindi wà nílẹ̀, àmọ́ tí a bá fi máa ka ojú ìwé méjì, wọ́n ti ń yán. Eré wo la lè fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé fíìmù ló yẹ kó ṣáájú ni àbí ìwé?

Onítàgé_Àgbà

Ẹ pa ìwé yẹn dé ná, ìyá. Eré orí ìtàgé kì í ṣe ohun àfojúkà. Àkọsílẹ̀ ohun tí òṣèré máa wí àti ohun tó máa ṣe ni. Ọmọ tí a bá ní kó jókòó kà á dà bí ẹni tí a fún ní ìwé nípa ìlù, tí kò sì gbọ́ ìlù rí. Ọdún 1623, ọdún méje lẹ́yìn ikú Shakespeare, làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kó eré rẹ̀ 36 jọ sínú ìwé kan, 18 nínú wọn ni wọn kò sì tíì tẹ̀ jáde rí. Ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọ́n rí làwọn òǹwòran ayé ìgbà náà mú lọ sílé.

Eré kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 tó fún ọmọ ọdún 5. Ti ọmọ ọdún 8 lè wọ 25. Tí àkókò bá pé nígbà tí ara wọn ṣì yá gágá, ẹ dáwọ́ dúró síbẹ̀ náà, kí wọ́n lè fúnra wọn bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ pa eré náà ní àlọ́, ní èdè tó yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu jù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má fi òpin rẹ̀ pa mọ́. Ọmọdé kì í bínú pé òun ti mọ bí ìtàn ṣe parí. Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni àìmọ̀. Orúkọ márùn-ún péré lọ́jọ́ kìíní. Ẹ kó ìdérí ìgò, òkúta tàbí bọ́tìnì sórí tábìlì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹnì kan, kí ẹ sì máa sún un bí ẹni náà bá ṣe ń wọlé, bó bá ṣe ń jáde. Bí eré bá ní àwọn olólùfẹ́ tó ń pààrọ̀ ara wọn, bíi ti A Midsummer Night's Dream, ẹ so ríbọ́ọ̀nù: Hermia àti Lysander àwọ̀ kan, Helena àti Demetrius àwọ̀ mìíràn. Nígbà tí Puck, iwin inú eré náà, bá ṣèèṣì fi omi òdòdó tó ń múni nífẹ̀ẹ́ ẹni tí a bá kọ́kọ́ rí sójú Lysander, kí ẹ já ríbọ́ọ̀nù Lysander gbà, kí ẹ fi ti Helena sọ́rùn rẹ̀. Ọmọ ọdún 5 yóò rí àṣìṣe náà kí àgbàlagbà tó là á yé e.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ mú ìran kan péré, ìlà 20 sí 30. Ẹ dìde dúró. Àgbà ló máa kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ sókè, àwọn ọmọ á máa ṣe é bó ṣe ń kà. Ọjọ́ kejì, wọ́n á gba ìlà méjì-mẹ́ta sẹ́nu. Ọjọ́ kẹta, ẹ gba ipò lọ́wọ́ ara yín.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìran kan tàbí méjì sí i, pẹ̀lú ohun èlò tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni kí wọ́n tó wo àwọn òṣèré gidi lórí ẹ̀rọ, ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú 12 sí 15 lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣe tiwọn fún ẹni mẹ́ta, mẹ́rin tó bá wà nílé.

Ohun tó máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: dídúró sọ ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Tí ẹ bá dúró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ìlà mẹ́wàá, eré ti di kíláàsì nìyẹn. Èkejì ni ìbéèrè ìdánwò lẹ́yìn eré. "Ta ni ọba? Kí ló ṣe?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ sọ pé kí wọ́n tún un ṣe, kí ẹni tó jẹ́ ọba wá di ìránṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣe ṣe é á fi hàn yín bóyá ó yé wọn.

Àkàgbádùn

Mo fara mọ́ Onítàgé. Ẹ jẹ́ kí n wá dá sí ọ̀rọ̀ irú eré tí à ń mú, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Eré tó lókìkí jù kọ́ ló yẹ ọmọdé jù.

Nínú A Midsummer Night's Dream, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà ni kẹ́ ẹ mú. Quince gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọ̀gá wọn, Bottom ahunṣọ ló sì fẹ́ gba gbogbo ipò ṣe. Wọ́n ń múra eré sílẹ̀ fún ìgbéyàwó olóyè. Ọ̀kan di ògiri, ó la ìka rẹ̀ kó lè di ihò tí àwọn olólùfẹ́ á máa gbà bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan di òṣùpá, ó gbé àtùpà lọ́wọ́. Ẹni tó jẹ́ kìnnìún ń bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má bẹ̀rù, òun kì í ṣe kìnnìún tòótọ́. Kò sí ẹ̀kọ́ kan nípa ohun tí ìtàgé jẹ́ tó dára tó èyí, Shakespeare ló sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Níbi tí wọ́n ti ń dánra wò (apá kẹta, ìran kìíní), ọ̀rọ̀ geere ló pọ̀ jù lẹ́nu wọn, kì í ṣe ewì, ó sì rọrùn fún ahọ́n ọmọ. Ibẹ̀ náà ni Bottom ti gba orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìwé ìtàn tí Charles àti Mary Lamb ṣe fún ọmọdé lọ́dún 1807 dáa, àmọ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n yọ eré àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí kúrò pátápátá, gbólóhùn inú rẹ̀ sì gùn ju èémí ọmọdé lọ. Ẹ fi ẹnu ara yín pa á.

The Comedy of Errors: ìbejì méjì-méjì, ọ̀gá àti ìránṣẹ́, tí gbogbo ìlú ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Òun ló kúrú jù nínú eré Shakespeare, nǹkan bí ìlà 1,800, ọjọ́ kan ṣoṣo ló sì ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan lè ṣe ìbejì méjèèjì: fìlà pupa fún ọ̀kan, fìlà búlúù fún èkejì, títí di òpin tí wọ́n á pàdé. Níbẹ̀, ẹ fi fìlà kejì dé ọmọlangidi lórí. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ gígùn tí Egeon, bàbá àwọn ọ̀gá ìbejì náà, fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn márùn-ún. Àwọn ìránṣẹ́ ń jẹ lílù púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ bébà tí a ká ni wọ́n fi ń lù wọ́n.

The Tempest: ìjì òkun ló fi bẹ̀rẹ̀, aṣọ àtẹ́sùn kan ti tó fún ìgbì. Ọ̀rọ̀ pípẹ́ tí Prospero, oṣó inú eré náà, ń bá ọmọ rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìjì ló ń pa eré náà mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ẹ fo ó, ẹ lọ sí apá kejì, ìran kejì: Trinculo aláwàdà sá fún òjò, ó kó sábẹ́ aṣọ Caliban, ẹrú Prospero, Stephano ọ̀mùtí sì dé, ó rí ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní ẹnu méjì. Àwọn ọmọ ò ní gbà kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀.

Ti Molière, òǹkọ̀wé eré ará Faransé, ni The Bourgeois Gentleman, ọdún 1670. Ẹ mú ibi tí olùkọ́ ti ń kọ́ ọkùnrin ọlọ́rọ̀ ní fáwẹ̀lì: tó bá pe A, ẹnu á là gbàgà, tó bá pe O, ètè á ká róbótó. Ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà lọ́wọ́ á rẹ́rìn-ín àgbàlagbà tí nǹkan tó mọ̀ ṣì ń yà lẹ́nu. Nínú eré rẹ̀ ti 1671, ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Scapin tan ọ̀gá àgbà kan wọ inú àpò, ó ń yí ohùn padà bíi pé ọ̀tá pọ̀, ó sì ń lù ú. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí wọ́n máa lù, kì í ṣe ọmọ. Ẹ má lo àpò gidi láé; aṣọ fífẹ̀ tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni, kí ojú àti imú wà níta.

Àwọn ará Jàpáánì ní eré apanilẹ́rìn-ín kúkurú kan, Busu, ẹni mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá sọ fún ìránṣẹ́ méjì pé májèlé ló wà nínú ìkòkò, afẹ́fẹ́ rẹ̀ lásán lè pa ènìyàn. Ṣúgà ni. Wọ́n lá a tán. Wọ́n fa àwòrán ọ̀gá ya, wọ́n fọ́ àwo rẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní ẹ̀bi nǹkan tí àwọn bà jẹ́ ló mú kí àwọn jẹ májèlé kí àwọn lè kú. Tí ọmọ yín bá mọ ìjàpá, ó ti mọ ìdajì eré yìí.

Eré Gíríìsì: Peace ti Aristophanes, ọdún 421 ṣáájú Kírísítì, níbi tí àgbẹ̀ kan ti gun yímíyímí lọ sí ọ̀run. Àlọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ gan-an.

Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ (1963): orin, oríkì àti ìlù ló gbé e ró, torí náà etí ọmọ á gbà á kíákíá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ikú ọba tó wà níbẹ̀ kò yẹ ọmọ ọdún 5. Ẹ mú orin inú rẹ̀ báyìí, ẹ fi ìyókù dìgbà tí wọ́n bá tó ọdún 10.

Èyí tí kò tíì yá: Romeo and Juliet, Antigone, Macbeth. Àwọn àjẹ́ mẹ́ta ló ń jẹ́ káwọn òbí mú Macbeth, wọ́n á gbàgbé pé wọ́n pa ọmọdé lójú gbogbo ènìyàn ní apá kẹrin. Tó bá jẹ́ àjẹ́ lẹ fẹ́, ìran àkọ́kọ́ kò ju nǹkan bí ìlà 12 lọ. Ẹ ṣe ìyẹn nìkan.

Ọ̀dọ́Òṣèré

Ibì kan ni n ò ti gbà pẹ̀lú Onítàgé. Ọmọ tí kò rí ìtàgé rí kò mọ ohun tí à ń pè ní "wíwọlé" tàbí "jíjáde". Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré hàn án lọ́jọ́ kìíní: àwọn òǹwòran tó jókòó, iná tó kú, aṣọ tó ṣí, òṣèré tó tẹrí ba lópin. Kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Onítàgé_Àgbà

Ìyẹn bójú mu. Ohun tí mo ń sá fún ni kí wọ́n wo odindi ìran kí wọ́n tó ṣe tiwọn, torí ohùn àti ojú òṣèré yẹn ni wọ́n á máa sín jẹ látìgbà náà lọ. Kẹ́ ẹ sì yan èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ìtàgé, kì í ṣe fíìmù. Nínú fíìmù, igbó gidi ni wọ́n ń rí. Lórí ìtàgé, òṣèré sọ pé igbó ni, ó sì di igbó. Ohun tí ẹ fẹ́ kí ọmọ lè ṣe nílé pẹ̀lú àga méjì nìyẹn.

AkéwìKékeré

Lórí èdè. Àǹfààní kan wà fún ọmọ tó gbọ́ Yorùbá tí ọ̀pọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Thou àti you tó ń da àgbàlagbà láàmú, "ìwọ" àti "ẹ̀yin" ni. Ọ̀gá ń pe ìránṣẹ́ ní thou, ìránṣẹ́ sábà máa ń dá a lóhùn pẹ̀lú you. Ẹ wo Antipholus ọ̀gá àti Dromio ìránṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọlé nínú The Comedy of Errors, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe é. Olólùfẹ́ àti ọ̀rẹ́ tún ń lo thou, ẹni tínú ń bí náà lè já sí i lójijì. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, àmọ́ ẹ ní kí ọmọ ọdún 8 ṣọ́ ibi tí ẹnì kan ti "sọ̀rọ̀ sí àgbà láìfi ẹ kún un". Á rí i kí ẹ̀yin tó rí i.

Ewì Shakespeare sábà máa ń ní sílébù 10 nínú ìlà, ìlù-ọkàn márùn-ún: kékeré, ńlá, kékeré, ńlá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ lu àyà bí ẹ ti ń kà á. Ìṣẹ́jú méjì ti tó. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa ka gbogbo ìlà bí ẹni ń gún iyán. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni dídúró ní òpin ìlà nígbà tí gbólóhùn kò tíì parí. Ibi tí kọ́mà tàbí àmì ìdúró bá wà ni kí wọ́n ti mí. Ọ̀rọ̀ àwọn iwin inú A Midsummer Night's Dream kúrú jù bẹ́ẹ̀, sílébù 7 ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì ní rímù. Ibẹ̀ ni kí ọmọ ọdún 5 wà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí orin inú eré sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ ni kó ṣáájú, kí ohùn orin wá tẹ̀ lé àmì ohùn ọ̀rọ̀. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin òyìnbó tó ti wà nílẹ̀. Nínú The Tempest, bí orin bá gòkè níbi tí "ọkọ̀" ti yẹ kó wálẹ̀, ọkọ́ ló rì sómi yẹn.

Ní ti kíkọ́ sórí: láti ẹ̀yìn ni. Ìlà tó kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà èyí tó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlà méjì lójúmọ́. Ẹni tó bá kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ ketekete, á wá kú sí àárín. Ẹni tó kọ́ ọ láti ẹ̀yìn, ibi tó mọ̀ jù ló ń lọ bá.

Ọmọlangidi_Páálí

Fún ọmọ tó ń tijú, ẹ fi òjìji ṣe é. Ẹ wá páálí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ gé ojú fèrèsé sí iwájú rẹ̀, 40 ní ìbú, 30 ní gíga, ẹ ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ tàbí bébà tí iná ń là kọjá bo fèrèsé náà, kó nà pinpin. Tó bá dẹ̀, ojú àwòrán á máa wọ́. Àwọn ènìyàn inú eré, páálí dúdú ni, sẹ̀ǹtímítà 12 ní gíga. Ẹ lẹ igi tín-ín-rín oní-30 mọ́ ẹsẹ̀ wọn láti ìsàlẹ̀, kí ọwọ́ má bàa hàn.

Tọ́ọ̀ṣì LED kan ṣoṣo lẹ́yìn, jíjìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 70. Ẹ má fi gílóòbù tó ń gbóná ṣe é nítòsí páálí. Iná méjì á sọ òjìji di méjì. Kí páálí fara kan aṣọ náà ni òjìji fi ń mú ṣáṣá. Bó bá ṣe ń sún mọ́ iná, bẹ́ẹ̀ lá máa tóbi, á sì máa ṣókùnkùn bàìbàì. Ẹ lo ìyẹn fún iwin àti ìjì. Fún orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Bottom, ẹ ṣe orí méjì, kí ẹ yọ ọ̀kan bí ó bá wọ ẹ̀yìn igi páálí, kí ẹ fi èkejì bọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa ṣe Bottom, ẹ má bo orí rẹ̀. Ìgbànú páálí oní-sẹ̀ǹtímítà 5 yí orí ká, etí gígùn méjì lókè, ó ti parí. Ìbòjú ń dí èémí, ó ń dí ojú, ó sì ń gbé ohùn mì. Ọmọ á kọsẹ̀, á bọ́ ọ sọnù láàárín ìran.

ÌyáAkẹ́kọ̀ọ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Tí èyí àbúrò bá ń bẹ̀rù kìnnìún ńkọ́? Tí ẹ̀gbọ́n bá ń gba gbogbo ipò ṣe? Àti pé ìgbà wo la lè mú wọn lọ wo eré lójúkojú?

Ọ̀dọ́Òṣèré

Kìnnìún: ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni kìnnìún. Kó gbé irun kìnnìún wọ̀ lójú gbogbo yín, kó bú ramúramù, kó bọ́ ọ. Bákan náà ni fún ẹni tó "kú" nínú eré: ẹ má fo ìtẹríba òpin rárá, kódà nílé. Níbẹ̀ ni ọmọdé ti ń rí òkú dìde.

Ẹ̀gbọ́n: Bottom náà ṣe bẹ́ẹ̀, Quince kò sì gbà fún un. Ẹ ka ibẹ̀ fún wọn. Tí kò bá ràn án, ẹ sọ ẹ̀gbọ́n di Quince, ẹni tó ń pín iṣẹ́ tó sì ń rán àwọn tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ létí. Kó má gbé ipò míì lọ́jọ́ náà. Kí òbí náà má gba ipò ńlá o. Ògiri ló dára jù fún yín.

Eré ojúkojú: ó kéré tán kí wọ́n ti ṣe ìran méjì nínú eré náà nílé. Ẹ wá èyí tí kò ju ìṣẹ́jú 60 lọ, tàbí èyí tí wọ́n ṣètò fún àwọn tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, tí wọn kì í pa iná tán, tí ọmọ sì lè dìde jáde kó tún wọlé. Ẹ jókòó létí ọ̀nà. Iwájú pátápátá kì í ṣe ibi tó dára jù fún ọmọ kékeré, á máa gbé orí sókè ṣáá. Ìlà karùn-ún sí ìkẹjọ ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bó bá rẹ wọ́n nígbà ìsinmi àárín, ẹ máa lọ sílé. Ẹ ti pa òpin rẹ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀.

ÌyáAkẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jọ̀ọ́, gígé ìran ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí kí n má ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́.

Onítàgé_Àgbà

Àwọn òṣèré gan-an ń gé e. Òṣèré tó já fáfá ń sọ nǹkan bí ìlà 1,000 ní wákàtí kan. Ti ọmọdé lọ́ra: ẹ ka ìlà 12 sí ìṣẹ́jú kan, torí wọ́n á rìn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, fìlà á jábọ́. Torí náà, eré ìṣẹ́jú 10, ìlà 120 ni.

Ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ìlà tó mú kí ẹnì kan ṣe nǹkan, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ tí ẹ ní láti wo ìsàlẹ̀ ìwé kó tó yé yín, ẹ fà á dànù. Níbi tí rímù bá wà, ìlà méjèèjì ni kẹ́ ẹ yọ, tàbí kẹ́ ẹ má yọ ìkankan. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tó ṣẹ́ kù sókè, kí ẹ gbọ́ bóyá ìdáhùn ṣì bá ìbéèrè mu. Ibi tí ẹnì kan bá ti ń dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í, ẹ ti gé jù níbẹ̀.

Má sì fún àwọn ọmọ ní odindi rẹ̀—àforíjì, ẹ má fún wọn. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà gàdàgbà, kí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn lẹ́nu ẹni tó ṣáájú rẹ̀ wà lókè ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń fún òṣèré ní tirẹ̀ láyé Shakespeare nìyẹn, lórí bébà tí wọ́n ká. Kò sí ibòmíràn tí ojú ọmọ lè wò, torí náà etí ló máa fi dúró de ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Fún ti ọdún 5 tí kò tíì mọ̀wé kà, ẹ ya àwòrán sí ibi ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà.